Ohun Olóhun Ṣì Wà Nílé Wa

*ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 12:1-13, Lúùkù 19:1-10*

Ọlọ́run tó jí wa kò ní jẹ́ kí ọjọ́ òní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú ọkọ̀ ní Mile 2, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń múra fún ọmọ tó ń lọ síléèwé ní 23 Road, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Trade Fair, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ òní gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ẹ ò bá lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í pamọ́, kí ẹ parí ẹ̀ lálẹ́.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí: ṣé èèyàn lè ronúpìwàdà tọkàntọkàn, kí ohun tó jí ṣì wà nílé ẹ̀?

Mi ò béèrè bóyá Ọlọ́run ń dárí jini o. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò béèrè bóyá ẹni náà sunkún lórí pẹpẹ. Ó lè sunkún títí kí aṣọ ẹ̀ rin. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, tó bá dìde lórí eékún ẹ̀, tó nu ojú, tó wọ mọ́tò tó fi owó olówó rà, tó wà á lọ sílé tó fi ẹ̀tàn gbà, kí la fẹ́ pe ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pẹpẹ yẹn?

*Ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀*

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Bíbélì Yorùbá kò sọ pé ká kábàámọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ tó lò ni ìronúpìwàdà. Ẹ tú u wò: ríro inú wà nínú ẹ̀, ìwà wà nínú ẹ̀, pípa ìwà náà dà wà nínú ẹ̀. Omijé ò sí nínú ẹ̀. Kì í ṣe pé omijé burú, Pétérù sunkún, Dáfídì náà sunkún. Ṣùgbọ́n ẹni tó sunkún tí ìwà ẹ̀ ò yí padà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ro inú ni. Ó ku ìwà, ó ku pípa á dà.

Èdè Hébérù tí àwọn wòlíì sọ tún ṣe é kedere. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń lò fún ìronúpìwàdà ni shuv, ìtumọ̀ ẹ̀ ò sì le rárá: padà. Ẹni tó ṣìnà, kó padà. Ohun tó jọ mí lójú ni pé, nígbà tí Léfítíkù orí 6 ń sọ fún olè pé kó dá ohun tó jí padà, láti inú ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ló ti fà á yọ. Yorùbá náà sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. A ń sọ pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ padà, a sì ń sọ pé kí olè dá a padà. Ọ̀rọ̀ kan ló bí méjèèjì. Ẹni tó ní òun ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, tí ohun olóhun ò sì tíì padà sọ́dọ̀ olóhun, a jẹ́ pé ibì kan ṣì ń bẹ lára ẹ̀ tí kò tíì padà.

*Orúkọ tí ìlú wa ń jẹ́*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín, ìtàn ilé ni. Ìlú wa yìí, Festac Town, wọn ò fi orúkọ ọba sọ ọ́, wọn ò sì fi orúkọ odò sọ ọ́. Orúkọ àjọ̀dún ló ń jẹ́. Láti ọjọ́ 15 oṣù January títí di ọjọ́ 12 oṣù February ọdún 1977, Nàìjíríà gba àlejò àjọ̀dún ńlá ti àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ ní Dakar ní 1966. Àwọn tó wá sí tiwa lé ní 15,000, láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Àwọn àlejò wọ̀nyí ni ìjọba kọ́ ilé wọ̀nyí fún. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ni àwọn ará ìlú wá ń gbé inú ẹ̀, a sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Àmì tí wọ́n fi ṣe ojú àjọ̀dún náà, ẹ̀yin àgbàlagbà tẹ́ ẹ wà láyé nígbà náà á rántí ẹ̀. Ojú obìnrin kan ni, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́: Ìdíà, ìyá Ọba Ẹsígíẹ̀ ti Bìní, tó gbé ayé ní nǹkan bíi 500 ọdún sẹ́yìn. Àwòrán ẹ̀ wà lára ìwé, lára aṣọ, lára àsíá. Ibi tó ti dunni ni pé àwòrán nìkan ló wà. Ojúlówó ẹ̀ ò sí ní Nàìjíríà.

Ibo ló wà? Ní oṣù February ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní. Ààfin jóná, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère idẹ àti eyín erin lọ. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1914. Ojú eyín erin yìí, inú yàrá ọba náà ni wọ́n ti rí i. Nígbà tó di 1910, ó dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àjọ̀dún wa ku díẹ̀, Nàìjíríà ní kí wọ́n yá wa. Ẹ gbọ́ o: a ò tiẹ̀ sọ pé kí wọ́n dá a padà, a ní kí wọ́n yá wa. Wọn ò gbà. Wọ́n ní ó ti gbó, pé kò lè gba ìrìn àjò. Ọmọ Bìní kan ló jókòó tó gbẹ́ irú ẹ̀ míì tí a fi ṣe àjọ̀dún. Títí di àárọ̀ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ojúlówó ẹ̀ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, "Ajíhìnrere, ṣé ère lẹ fẹ́ kí wọ́n dá padà fún wa?" Mo gbọ́. Ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ tòní. Bí ẹnì kan bá jí bàtà aládùúgbò ẹ̀, a ò ní kọ́kọ́ jókòó ṣèpàdé bóyá bàtà náà dáa. Ohun olóhun ni.

*Àwọn àwíjàre*

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn tó ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ máa ń sọ. Wọ́n ní àwọn tó kó o lọ ti kú tipẹ́, kí ló kan àwa tá a wà láyé báyìí? Wọ́n ní owó la fi rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Wọ́n ní a ti tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló wà ni, ṣé á ṣì wà? Wọ́n ní òfin ò gbà wá láyè, torí òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1963 fẹ́rẹ̀ẹ́ máà jẹ́ kí ilé ìṣẹ̀m̀báyé náà yọ ohunkóhun kúrò nínú ẹrù ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ṣe òfin ọ̀hún o.

Ó tún ku ọ̀kan, èyí ló wá múni rẹ́rìn-ín jù: wọ́n ní àwọn lè yá wa. Ní 2024, wọ́n gbé ẹrù 32 tí wọ́n kó ní ààfin Asante padà sí Kumasi ní Ghana, àwọn èèyàn sì jáde lọ wò ó. Ṣùgbọ́n yíyá ni wọ́n yá wọn. Ọdún mélòó kan, wọ́n á kó o padà fún wọn. Ẹni tó ni ín ló di ayáni-ní-nǹkan.

Ṣé inú ń bí yín? Ó ń bí èmi náà. Ẹ jẹ́ kó bí yín dáadáa kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kàn.

*Nátánì dé*

Dáfídì náà bínú. Nínú 2 Sámúẹ́lì orí 12, Nátánì ròyìn ọlọ́rọ̀ kan tó ní àgùntàn rẹpẹtẹ, tó lọ gba ẹyọ ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí òtòṣì aládùúgbò ẹ̀ ní, tó pa á fún àlejò. Inú Dáfídì ru sókè. Ó dájọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ikú tọ́ sí ẹni náà, kó sì san àgùntàn yẹn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ni Nátánì bá nàka sí i pé òun gan-an ni.

Ẹ̀yin ará, ó rọrùn láti bínú sí Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́ńdọ̀nù jìnnà. Ẹ jẹ́ ká mú àwíjàre wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká gbé e wá sí Amuwo-Odofin.

"Ó ti pẹ́." Ẹ̀gbọ́n kan ta ilẹ̀ bàbá wọn, ó kó owó ẹ̀ jẹ, ó sọ fún àbúrò tó wà lóko pé ìjọba ló gba ilẹ̀. Ó ti pé ọdún 18. Wọ́n jọ ń ki ara wọn nílé ìyàwó, wọ́n jọ ń jẹun. Ṣé pípẹ́ ti wá sọ irọ́ di òtítọ́ ni?

"A ti tọ́jú ẹ̀ dáadáa." Ọ̀gá kan gba ọmọ iṣẹ́. Ọmọ náà sìn ín tọkàntọkàn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó gba fìrídọ̀mù, tó yẹ kí ọ̀gá fún un lówó tó máa fi dá dúró, ni ọ̀gá bá fẹ̀sùn olè kàn án, ó lé e. Bí ẹ bá bi í, á ní, "Ṣé èmi kọ́ ni mo bọ́ ọ? Ṣé kò sùn lábẹ́ òrùlé mi?" Oúnjẹ tó o fún un kò pa gbèsè iṣẹ́ tó ṣe rẹ́.

"Òfin wà fún un." Onílé gba owó ìdúró lọ́wọ́ ayálégbé, ó ní òun á dá a padà lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde. Ọjọ́ pé. Ó wo ògiri, ó ní kíláńká ya lára ẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní kọ́kọ́rọ́ ò ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ sì wà nínú àdéhùn tí òun fúnra ẹ̀ kọ. Owó di àwátì.

"Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é." Wọ́n fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà, wọ́n ń tan iná tí wọn ò sanwó ẹ̀, àdúgbò tó kù ló ń bá wọn san án. Wọ́n ta tòkunbọ̀ fún oníbàárà, wọ́n ní tuntun ni. Alájọ kó owó àwọn ìyá ọlọ́jà Agboju, ó fi sáré iṣẹ́ tiẹ̀, ó wá ń sọ fún wọn pé bánkì ló ní ìṣòro.

Èyí tó kẹ́yìn, "a lè yá yín," ìyẹn ló pọ̀ jù lọ nínú ìjọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ẹ̀ṣẹ̀ wa yá Ọlọ́run. Tí ààwẹ̀ ọjọ́ 21 bá bẹ̀rẹ̀, a á pa nọ́ńbà ọ̀rẹ́bìnrin yẹn rẹ́ lórí fóònù. Tí ààwẹ̀ bá parí, a á wá a jáde nínú ìwé tá a kọ ọ́ sí. Ní ìsọjí, a á jù ú sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Tó bá di ọjọ́ Monday, a á lọ gbé e. A ò fún Ọlọ́run. A yá a fún un ni, a sì mọ ọjọ́ tá a máa gbà á padà.

Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ìronúpìwàdà túmọ̀ sí pé kí olè fúnra ẹ̀ mú ọjọ́ olóhun wá, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá mú un.

*Sákéù*

Ẹ wo ọkùnrin kúkurú yìí ní Jẹ́ríkò. Olórí agbowó orí ni, ó lówó, àwọn ará ìlú sì mọ ibi tó ti rí i. Nígbà tí Jésù wọ ilé ẹ̀, ó dìde dúró, ó ní òun á fi ìdajì ohun ìní òun fún tálákà, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin? Òfin Mósè ò béèrè tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú Númérì orí 5, ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, iye tó mú gan-an ló máa dá padà, á sì fi ìdá márùn-ún lé e. Tó bá jẹ́ 100,000 náírà ni, á dá 120,000 padà, ó parí. Ìlọ́po mẹ́rin jẹ́ ti olè tí wọ́n mú, tó ti pa àgùntàn tàbí tó ti tà á. Ó wà nínú Ẹ́kísódù 22. Òun náà ni ìdájọ́ tí Dáfídì dá láìmọ̀ pé orí ara òun lòun ń dá a lé. Ẹnikẹ́ni ò mú Sákéù. Kò sẹ́ni tó pè é lẹ́jọ́. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ jókòó sí ipò olè tí wọ́n mú. Kò sọ pé, "Bó bá jẹ́ pé mo ṣẹ ẹnikẹ́ni, kó fojú fò ó." Irú ẹ̀bẹ̀ yẹn tá a máa ń fi ránṣẹ́ ní crossover night, tá a fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó bẹ̀. Sákéù mọ orúkọ àwọn tó rẹ́ jẹ, ó sì mọ iye.

Èyí ni mo pè ní fífi ojú ẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ka ẹ̀ṣẹ̀ sí àṣìṣe kékeré, ẹ̀bẹ̀ kékeré ló máa bẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé òun gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, á fẹ́ mọ ibi tí èèyàn náà ń gbé.

*Ṣé Jésù ò ti san án?*

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín. "Ajíhìnrere, abẹ́ oore-ọ̀fẹ́ la wà. Jésù ti san gbogbo ẹ̀ lórí àgbélébùú." Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ Sákéù ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Jésù ti pè é, ó ti ní òun máa dé sílé ẹ̀, kí Sákéù tó sọ̀rọ̀ náírà àti kọ́bọ̀. Kì í ṣe owó tó dá padà ló fi ra Jésù. Jésù tó wọlé ló jẹ́ kí owó yẹn wúwo mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wo Júdásì náà, kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa ṣì yín lọ́nà. Mátíù orí 27 sọ pé ó kábàámọ̀, ó kó 30 owó fàdákà padà, ó tiẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀. Ó dá owó padà, ó jẹ́wọ́, síbẹ̀ ó ṣègbé. Kí ló kù? Òun fúnra ẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ Jésù. Ó dá owó padà fún àwọn àlùfáà, ó wá lọ pa ara ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín láé pé dídá nǹkan padà ló ń gbani là. Júdásì dá ohun olóhun padà láìpadà. Ọ̀pọ̀ wa lónìí ń sọ pé a ti padà láìdá ohun olóhun padà. Sákéù ló ṣe méjèèjì.

Sọ́ọ̀lù ọba náà wà níbẹ̀. Ní 1 Sámúẹ́lì 15, òun náà ní òun ti ṣẹ̀. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló tú u fó: ó ní kí Sámúẹ́lì ṣáà bu ọlá fún òun lójú àwọn àgbààgbà. Orúkọ ẹ̀ ló ń dùn ún, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ láàárín àwa tá à ń di gbohùngbohùn mú. Ẹ gbàdúrà fún wa.

Kí ni agbélébùú wá ṣe? Gbèsè tí ẹ̀ṣẹ̀ wa jẹ Ọlọ́run, a ò lè san án láé, Jésù ló san án. Ṣùgbọ́n owó ìyá ọlọ́jà ní Agboju kò sí lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ rẹ ló wà. Bí Ọlọ́run bá dárí jì ọ́ tó sì jẹ́ kó o máa ná owó ìyá yẹn lọ, a jẹ́ pé ìyá yẹn ló sanwó ìdáríjì rẹ. Ọlọ́run wa kì í fi ohun ìní tálákà ṣe oore fún olówó.

*Èyí tí kò ṣeé dá padà*

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le, mi ò sì fẹ́ fo ó. Dáfídì lè san àgùntàn mẹ́rin. Ibo ló ti máa rí Ùráyà? Òkú ò ṣeé dá padà. Orúkọ tí a ti bà jẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ìgbà èwe tí a ti fi ìlérí ìgbéyàwó jẹ mọ́ obìnrin lọ́wọ́, ọmọ tí bàbá ò bójú wò títí tó fi dàgbà, kò sí báńkì tá a ti lè lọ gba ìyẹn.

Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ló kù tí ìronúpìwàdà ṣì lè ṣe. Àkọ́kọ́, sọ òtítọ́. Dáfídì kò ní kí wọ́n má ṣe kọ ìtàn náà. Ó wà nínú Bíbélì títí dòní, ẹnu ẹ̀ ni Sáàmù 51 sì ti jáde. Ẹni tó o bà lórúkọ jẹ́ níwájú èèyàn 20, níwájú èèyàn 20 náà ni kó o ti tún un ṣe, má lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ìkejì, jáwọ́. Ìkẹta, gba ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ láìbínú. Ọlọ́run dárí ji Dáfídì, idà ò sì kúrò nílé ẹ̀. Tí ìyàwó rẹ bá ti dárí jì ọ́ tí kò sì tíì lè fọkàn tán ọ, má ṣe fi ìdáríjì ẹ̀ dẹ́rù bà á.

Mo tún fẹ́ sọ èyí kó yé wa yékéyéké. Bí ẹnì kan bá fipá bá ọmọdé lò pọ̀, tàbí tó na ìyàwó ẹ̀ ní ìnà ìkà, kò tó kó wá sunkún níwájú pásítọ̀, ká sì sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ ó lọ, ó ti ronúpìwàdà." Olè orí àgbélébùú, ẹnu ara ẹ̀ ló fi gbà pé ìyà tó ń jẹ òun tọ́ sí òun. Ẹni tó ronúpìwàdà lóòótọ́ kì í sá fún òfin, kì í sì í fi ìjọ ṣe ibi ìsápamọ́sí. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ìjọ di ẹrù ìdáríjì ru ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ má rù nǹkan kan.

Àwọn ìbéèrè kan máa ń wá. Bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ bá ti kú ńkọ́? Númérì 5 dáhùn: ìbátan ẹ̀ ni kó o lọ wá. Tí kò bá ní ìbátan, kó di ti Olúwa. Ṣùgbọ́n ẹ má fo ìbátan kó wá sí ìjọ o! Owó tí a jí, tí a mú ìdá mẹ́wàá ẹ̀ wá, ìdá mẹ́wàá olè náà ni. Bí owó náà ò bá sí lọ́wọ́ mọ́ ńkọ́? Lọ bá a, sọ iye, bẹ̀rẹ̀ sí í san díẹ̀díẹ̀, ì báà jẹ́ 5,000 náírà lóṣù. Bó bá jẹ́ pé sísọ ọ̀rọ̀ náà lè da ilé ẹlòmíì rú ńkọ́? Má dá a ṣe. Wá àgbà onígbàgbọ́ tí ẹnu ẹ̀ dákẹ́, ẹ jọ wá ọ̀nà tó tọ́. Kí ìrọ̀rùn ọkàn rẹ má di ìjàǹbá fún aláìṣẹ̀. Ẹ tún rántí pé nígbà tí Pọ́ọ̀lù rán Ónésímù padà sọ́dọ̀ Fílémónì, ó ní bó bá jẹ gbèsè kankan, kí wọ́n kà á sí òun lọ́rùn. Ìjọ lè ran ẹni tó fẹ́ san gbèsè ẹ̀ lọ́wọ́.

*Àkùkọ kan kọ*

Ìtàn Bìní ò parí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní Cambridge, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó ń jẹ́ Jesus College. Orúkọ Jésù ló ń jẹ́, àkùkọ idẹ tí wọ́n kó ní Bìní sì wà nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹun. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló fún wọn ní 1905. Wọ́n ń jẹun, àkùkọ ń wò wọ́n. Ní 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kò tọ́. Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fún ọdún mélòó kan, nígbà tó sì di ọjọ́ 27 oṣù October ọdún 2021, wọ́n gbé e lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Wọn ò yá wa. Wọ́n dá a padà. Ọjọ́ kejì, Yunifásítì Aberdeen ní Scotland dá orí ọba kan padà. Nígbà tó di oṣù December ọdún 2022, mínísítà Jámánì fúnra ẹ̀ gbé 20 wá sí Àbújá.

Àwọn tó dá a padà yìí, kì í ṣe àwọn ló jó Bìní. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wà láyé ní 1897. Wọ́n lè sọ pé kò kàn wọ́n. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohun olóhun wà nílé àwọn, àwọn sì mọ̀. Láti ọjọ́ tó o bá ti mọ̀, ó ti kàn ọ́.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí àkùkọ ti kọ nínú Bíbélì. Lúùkù 22: Pétérù ti sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àkùkọ kọ, Olúwa yíjú wò ó, ó rántí, ó jáde, ó sunkún kíkorò. Ọpẹ́ ni pé kò jókòó sórí ẹkún. Lórúkọ ẹni tó sẹ́ yẹn náà ló padà dìde sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo Jerúsálẹ́mù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí ìgbàgbọ́ ilẹ̀ wa. Nígbà ìsọjí ọdún 1930 ní Òkè-Ooye, Iléṣà, nígbà tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, àwọn èèyàn ń kó oògùn àti ohun ìbọ wọn jáde nílé, wọ́n ń dáná sun ún. Ohun tó ti fara pamọ́ di ohun tí gbogbo ayé rí. A fẹ́ràn ìtàn yẹn, a sì ń gbàdúrà pé kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ ní Festac lọ́dún yìí, mi ò rò pé oògùn ló máa pọ̀ jù nínú ohun tí a máa kó jáde. Ìwé ilẹ̀ àti owó àjọ ló máa pọ̀ jù, àti àwọn àwòrán inú fóònù, àti owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀.

*Ohun tí a ó ṣe lónìí*

Kó tó di alẹ́, jókòó ní ìwọ nìkan, kó o kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀. Má kọ mẹ́wàá, tó o bá kọ mẹ́wàá o ò ní ṣe ìkankan. Ẹnì kan tí ohun ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ: owó, ilẹ̀, orúkọ rere, ẹ̀tọ́. Kọ iye ẹ̀ sí i. Kó tó di Sunday, pè é tàbí lọ bá a. Má ṣàlàyé púpọ̀, torí àlàyé púpọ̀ máa ń di àwíjàre. Tó bá bú ọ, gbà á. Tó bá ní òun ò gbà, ìwọ ṣáà ti ṣe tìrẹ, máa gbàdúrà fún un.

Ìwọ tí wọ́n rẹ́ jẹ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá bẹ̀ ọ́, Ọlọ́run ò gbàgbé ohun tìrẹ tó wà lọ́wọ́ wọn. Òun ló rán Nátánì lọ sí ààfin. Òun náà ló mọ ilé Sákéù.

*Àdúrà*

Baba, a wá sọ́dọ̀ Rẹ láàárọ̀ yìí bá a ṣe wà. Jọ̀wọ́ fi ohun olóhun tó wà nílé wa hàn wá. Mú àwíjàre kúrò lẹ́nu wa. Ohun tí a ti yá Ọ, ràn wá lọ́wọ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọ pátápátá. Fún wa ní ìgboyà láti dá a padà, kí O sì mú ọ̀nà rọrùn fún ẹni tó fẹ́ san tí kò ní. Tu àwọn tí a ti ṣẹ̀ nínú. Torí ẹ̀jẹ̀ Jésù tó san èyí tí a ò lè san, dárí jì wá, kí O sì pa ìwà wa dà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ tiyín sílẹ̀ ná. Ọjọ́ òní á san wá o.